Adìẹ tí Kò Lè Dúró: Ohun tí Ń Ba Ọpọlọ Ẹyẹ Ilé Jẹ́, àti Bí A Ṣe Lè Dènà Rẹ̀

Àwọn àgbà wa a máa pa á lówe pé adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Nínú òwe yìí, okùn ni ó ń mì, òun ni kò sì jẹ́ kí adìẹ rí ibi fẹsẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí adìẹ yóò wà lórí ilẹ̀ líle, níbi tí okùn kankan kò sí, síbẹ̀ tí yóò máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Orí rẹ̀ yóò yí sẹ́yìn, ọrùn rẹ̀ yóò lọ́, yóò máa pòòyì lójú kan náà. Bí ó bá fẹ́ ṣa àgbàdo jẹ, ẹnu rẹ̀ yóò ba ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo náà. Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí.

Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti ẹsẹ̀ òkè Mápó dé Bẹyẹrúnkà, agbo ilé tí a kò ti ń sin ẹyẹ kò pọ̀. Adìẹ ìbílẹ̀ ń jẹ̀ káàkiri àgbàlá, ẹyẹlé ń ké lórí páànù, àwọn kan sì ń sin odídẹrẹ́, tàbí ìbátan rẹ̀ kékeré tí a ń pè ní budgie, èyí tí ilẹ̀ Australia jẹ́ orírun rẹ̀, nínú àgò onírin. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kékeré wo adìẹ àgbàlá. Òun ni owó ìpamọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa. Láti ara rẹ̀ ni owó ìwé ọmọ, owó òògùn àti ọbẹ̀ ọjọ́ àlejò ti ń jáde.

Nítorí náà, bí ẹyẹ bá ṣubú lójijì, ọkàn onílé a dàrú. Ẹnì kan yóò ní aládùúgbò ni ó fún un ní májèlé jẹ. Ẹlòmíràn yóò ní ọwọ́ ayé ni. Ẹni kẹta kò ní sọ ohunkóhun; yóò kàn so adìẹ náà lẹ́sẹ̀, yóò sì gbé e lọ sí ọjà kí ó tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni kẹta yìí ni ó ń ṣe ìpalára jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ìkà kankan lọ́kàn. Ìdí rẹ̀ ni a fẹ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn.

OHUN TÍ Ń MÚ ẸYẸ DÚRÓ ṢINṢIN

Ẹsẹ̀ méjì péré ni ẹyẹ fi ń dúró, síbẹ̀ ó ń sùn lórí ẹ̀ka igi láìjábọ́. Ohun mẹ́ta ni ó ń jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Èkínní wà nínú etí lọ́hùn-ún: àwọn ihò tín-ín-rín tí omi wà nínú wọn. Bí orí bá tẹ̀ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún, omi náà a mì, etí a sì mọ̀ pé orí ti tẹ̀. Èkejì ni ọpọlọ, pàápàá apá rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn, tí ń gba ìròyìn láti inú etí àti láti ojú, tí ó sì ń pàṣẹ fún ara. Ẹ̀kẹta ni àwọn okùn iṣan tí ń ru àṣẹ ọpọlọ lọ sí ọrùn, sí apá àti sí ẹsẹ̀. A lè fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ilé iṣẹ́ ìjọba kan: ẹni tí ń mú ìròyìn wá láti ìgbèríko, ọ̀gá tí ń pàṣẹ, àti ìránṣẹ́ tí ń jíṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dùbúlẹ̀ àìsàn, iṣẹ́ gbogbo ilé dàrú.

Nítorí náà, ọrùn lílọ́, ìpòòyì àti ẹsẹ̀ tí ó kú kì í ṣe orúkọ àìsàn. Àmì lásán ni wọ́n jẹ́, bí èéfín ti jẹ́ àmì iná. Iṣẹ́ onílé ni láti wádìí irú iná tí ń jó, nítorí pé ọ̀kan lè jẹ́ iná inú ààrò, kí òmíràn jẹ́ iná tí yóò jó gbogbo àdúgbò.

LÚKÚLÚKÚ NÍ ÌBÀDÀN

Nínú gbogbo ohun tí ó lè ba ọpọlọ adìẹ àgbàlá jẹ́, èyí tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bẹ̀rù ni àrùn tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní lúkúlúkú, tí àwọn oníṣègùn ẹranko sì ń pè ní àrùn Newcastle. Orúkọ ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, Newcastle upon Tyne, níbi tí àrùn náà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín adìẹ ní ọdún 1926. Ní ọdún kan náà ni wọ́n rí i ní erékùṣù Java, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Indonesia lónìí.

Ìlú Ìbàdàn ní ipò tirẹ̀ nínú ìtàn àrùn yìí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni ó ti ṣẹlẹ̀, láti oṣù Kejìlá ọdún 1952 títí di oṣù Kejì ọdún 1953. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Hill, Davis àti Wilde, ni ó gbé ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn ẹranko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1953. Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa kíyè sí àwọn oṣù wọ̀nyí dáadáa: àkókò ọyẹ́ ni. Láti ìgbà náà ni àrùn yìí ti tàn ká gbogbo orílẹ̀-èdè, àkókò ọyẹ́ ni ó sì máa ń gbóná jù títí di òní. Ní àkókò yìí, òtútù òru àti eruku ń dá ẹyẹ lágara, ìgbà yìí náà sì ni a ń kó adìẹ láti ìlú kan dé òmíràn fún ọdún Kérésìmesì àti ọdún tuntun.

Kòkòrò àìfojúrí tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á. Ó wà nínú ìgbẹ́, itọ́ àti èémí ẹyẹ aláìsàn. Ó ń bá bàtà ènìyàn rìn, ó ń bá àgò àti àpò oúnjẹ adìẹ wọ ilé. Ó wà lára òkú adìẹ, ó sì wà nínú ìfun àti ìyẹ́ tí a dà sí ààtàn lẹ́yìn tí a pa aláìsàn jẹ. Láti ọjọ́ tí ó bá wọ ara ẹyẹ, ó lè tó ọjọ́ 2 sí 15 kí àmì tó hàn, ṣùgbọ́n ọjọ́ 5 tàbí 6 ni ó wọ́pọ̀ jù. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, adìẹ tí a rà lọ́jà lè máa jẹ, kí ó máa mu, kí ara rẹ̀ sì dà bí ẹni pé ó dá ṣáṣá, nígbà tí ó ti ru ikú wọ agbo ilé.

Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ẹni tí ó sáré gbé adìẹ aláìsàn lọ sí ọjà ni ó ń ṣe ìpalára jù. Adìẹ kan nínú àgò alájàpá, láàárín ogún adìẹ mìíràn, yóò mí sí wọn, yóò yàgbẹ́ sí wọn lára. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ogún adìẹ yóò lọ sí ogún ilé. Owó kékeré tí onílé kan gbà là lè sọ adìẹ odidi àdúgbò di òkú, kò sì sí ohun tí yóò dí àrùn náà lọ́wọ́ láti padà wá bá a nílé.

BÍ A ṢE Ń DÁ A MỌ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹyẹ a dákẹ́, a ká ọrùn kò, kò sì ní fẹ́ jẹun. A máa yanu mí, a máa sín, ojú rẹ̀ sì lè wú. Ìgbẹ́ rẹ̀ a di olómi aláwọ̀ ewé. Àgbébọ̀ a dẹ́kun yíyé, tàbí kí ó yé ẹyin tí èèpo rẹ̀ rọ̀ tàbí tí ó rí wọ́gọwọ̀gọ. Lẹ́yìn èyí ni àmì ọpọlọ a dé: ara a máa gbọ̀n, apá a rọ, ẹsẹ̀ a kú, ọrùn a lọ́, ẹyẹ náà a sì máa pòòyì tàbí kí ó máa fi ẹ̀yìn rìn. Níbi tí irú àrùn náà bá le, tí adìẹ kò sì tíì gba àjẹsára rí, ó lè pa gbogbo agbo láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí ó bá yè lè máa gbé ọrùn lílọ́ kiri títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ẹyẹlé ní irú kòkòrò náà tí ó jẹ́ tirẹ̀, àmì rẹ̀ tí a sì ń rí jù ni ọrùn lílọ́ àti ìpòòyì. Odídẹrẹ́ àti budgie lè kó lúkúlúkú pẹ̀lú. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé e sára láìṣàìsàn kankan, kí ó sì kó o ran adìẹ. Ní ti ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí ó pa ènìyàn. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó lè mú kí ojú ẹni tí ó fọwọ́ kàn án pọ́n fún ọjọ́ díẹ̀. Síbẹ̀, ọṣẹ àti omi ni kí a fi fọ ọwọ́ lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kò sí òògùn tí a mọ̀ tí ń wo àrùn yìí sàn lẹ́yìn tí ó bá ti wọ ara ẹyẹ. Kápúsù tí àwọn kan máa ń tú sínú omi adìẹ kò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó bá ń retí kápúsù ń fi àkókò ṣòfò ni, nígbà tí àwọn adìẹ tí ara wọn ṣì dá ń mu omi kan náà pẹ̀lú aláìsàn.

KÌ Í ṢE GBOGBO ỌRÙN LÍLỌ́ NI LÚKÚLÚKÚ

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ kejì, kí onílé má baà máa pa gbogbo ẹyẹ tí ó bá ṣubú. Ní nǹkan bí ọdún 1890, ní erékùṣù Java tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, dókítà ará Hóláǹdì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Christiaan Eijkman ṣàkíyèsí pé adìẹ tí ó wà ní ilé ìwádìí rẹ̀ ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ẹsẹ̀ wọn ń kú, wọ́n sì ń ṣubú. Ó rò pé kòkòrò ni. Nígbà tí ó yá, ara wọn dá láìgba òògùn kankan. Nígbà tí ó wádìí, ó rí i pé ìrẹsì funfun sísè láti ilé ìdáná àwọn ológun ni wọ́n ti ń fún wọn jẹ, àti pé ìgbà tí alásè tuntun kọ̀ láti fún adìẹ ní ìrẹsì ológun mọ́, tí wọ́n padà sí ìrẹsì tí èèpo inú rẹ̀ kò tíì bó, ni wọ́n sàn. Ohun tí ó wà nínú èèpo náà ni a wá mọ̀ lẹ́yìn náà sí fítámínì B1, èyí tí okùn iṣan kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Eijkman gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1929. Láti ara adìẹ tí kò lè dúró ni ọ̀nà ti là sí ìmọ̀ tí ó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún wa ni pé oúnjẹ nìkan lè gbé ẹyẹ ṣubú. Ẹyẹ tí kò bá rí fítámínì B1 tó a máa gbé orí sẹ́yìn bí ẹni tí ń ka ìràwọ̀. Òròmọdìẹ tí kò bá rí B2 tó, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ a ká sínú. Bí a bá tètè fún wọn ní èròjà tí wọn kò rí, irú èyí a máa sàn, nígbà mìíràn láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Àrùn Marek tún wà, tí a fi orúkọ József Marek ti ilẹ̀ Hungary pè, ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1907. Fáírọ́ọ̀sì ni òun náà, ó sì ń mú okùn iṣan wú. Àmì rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ kan a nà síwájú, èkejì a nà sẹ́yìn. Adìẹ tí ó ti tó oṣù méjì sí márùn-ún ni ó wọ́pọ̀ jù lára wọn. Àjẹsára rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n pa òròmọdìẹ ni ó yẹ kí ó gbà á. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ń ra òròmọdìẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á bóyá wọ́n ti gbà á.

Májèlé náà ń bẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe aládùúgbò ni ó fi í sílẹ̀. Àgbàdo tí a ti fi òògùn apakòkòrò pa fún gbígbìn, tí ó dà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó láti mú adìẹ gbọ̀n kí ó sì kú. Òjé tí ó wà nínú ọ̀dà àtijọ́ tí ń bó lára ògiri àti nínú bátìrì ọkọ̀ tí a tú ká ń ba ọpọlọ ẹyẹ jẹ́ pẹ̀lú.

Ní ti ẹyẹ inú àgò, ọ̀rọ̀ tiwọn ní ẹ̀ka. Odídẹrẹ́ tí ó bá ń jẹ hóró olóròóró nìkan, tí oòrùn kì í sì í ta sí i lára, kì í ní èròjà tí ń mú egungun le tó nínú ẹ̀jẹ̀. Òjijì ni yóò jábọ́ láti orí igi rẹ̀, gìrì a sì mú un. Budgie tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo kú lè jẹ́ pé kókó kan ni ó hù nínú kíndìnrín rẹ̀, tí ó ń tẹ okùn iṣan tí ó lọ sí ẹsẹ̀ náà. Ẹyẹ tí ó forí sọ ògiri, tàbí tí etí rẹ̀ ń dùn nínú, a máa tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dókítà ẹranko ni ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA, ÀTI IṢẸ́ ỌJỌ́ ÀKỌ́KỌ́

Ìbéèrè mẹ́ta ni kí onílé bi ara rẹ̀. Ṣé ọ̀kan ni ó ń ṣàìsàn ni, àbí wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn? Kí ni wọ́n jẹ láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá? Ṣé ẹyẹ tuntun kan wọ agbo ilé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn, tí ẹyẹ tuntun sì ti wọlé, kí ó gbà pé lúkúlúkú ni títí dókítà yóò fi sọ òmíràn.

Kí ó ya aláìsàn sọ́tọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, sínú àpótí kékeré tí a tẹ́ aṣọ sí, níbi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí ó fún un ní omi nínú àwo pẹlẹbẹ, kí orí má baà rì sínú rẹ̀. Budgie tàbí odídẹrẹ́, kí a gbé igi ìdúró rẹ̀ sísàlẹ̀. Àwọn tí ara wọn dá ni kí a kọ́kọ́ fún ní oúnjẹ, aláìsàn ni kí ó kẹ́yìn, kí a sì fọ ọwọ́ àti bàtà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà á, kí a má sì fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Èyí tí ó bá kú, kí a gbẹ́ kòtò jíjìn kí a sì sin ín, tàbí kí a sun ún. Kí a má ṣe sọ ọ́ sí odò Ògùnpa tàbí sí ààtàn, níbi tí ajá yóò ti wú u jáde.

Bí ọ̀pọ̀ bá kú láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, kí a má ṣe fi ọwọ́ lásán kàn wọ́n, kí a sì fi tó dókítà ẹranko ìjọba létí ní ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀fìnkìn ẹyẹ, tí a rí ní oko adìẹ kan ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná ní oṣù Kejì ọdún 2006, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, lè ní àmì ọpọlọ kan náà, òun sì lè pa ènìyàn. Ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba wà ní Mọ́kọ́lá, Yunifásítì Ìbàdàn sì ní tirẹ̀.

Ẹ̀KÁN KAN NÍNÚ OJÚ

Ohun tí kò ṣeé wò sàn, ó ṣeé dènà. Ní Vom, nítòsí Jos, ilé ìwádìí àìsàn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe àjẹsára lúkúlúkú fún orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí a ń pè ní I-2. Ilẹ̀ Australia ni àwọn onímọ̀ ti ṣe é fún adìẹ abúlé, nítorí pé ó ń fara da ooru ju àwọn mìíràn lọ. Kò gba abẹ́rẹ́. Ẹ̀kán kan ṣoṣo nínú ojú kan ni, ìbáà ṣe àkùkọ ńlá, ìbáà ṣe òròmọdìẹ. Kí a di ẹyẹ náà mú títí yóò fi ṣẹ́jú, ó parí.

Ohun mẹ́rin ni kí a rántí. Èkínní, adìẹ tí ara rẹ̀ dá ni àjẹsára wà fún. Kò lè gba èyí tí àrùn ti mú. Èkejì, ó ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ó tó ṣiṣẹ́ nínú ara, nítorí náà oṣù Kẹwàá ni kí a ti ṣe é, kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ̀kẹta, a ní láti tún un ṣe ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin, nítorí pé agbára rẹ̀ ń dínkù, àwọn òròmọdìẹ tuntun sì ń jáde. Ẹ̀kẹrin, ìgò kan ṣoṣo ń tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ adìẹ, bí a bá sì ti ṣí i, kò ṣeé tọ́jú di ọ̀la. Adìẹ márùn-ún ti ìyá kan kò lè lò ó tán.

Nítorí ohun kẹrin yìí ni a fi ń rọ àwọn baálé agbo ilé àti àwọn ìyá wa pé kí wọ́n jùmọ̀ ṣe é. Kí agbo ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin dá owó ìgò kan jọ, kí wọ́n mú ọjọ́, kí wọ́n sì pe dókítà ẹranko tàbí ẹni tí ó ti kọ́ iṣẹ́ náà. Àṣálẹ́ ni ó dára jù, nígbà tí adìẹ ti wọlé sùn tí kò sì nílò pé kí ọmọdé máa lé e kiri. Kí ẹnì kan mú, kí ẹnì kan kán an, kí ẹnì kan sì kà wọ́n, kí a má baà fo ọ̀kan. Ẹyẹ tuntun tí a bá rà, kí ó dá wà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn onílé.

Adìẹ kì í mọ ààlà agbo ilé. Èyí tí ó sùn sí ilé yìí ń jẹ̀ dé ilé kejì, àrùn tí ó bá sì mú un ń bá a lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó gba àjẹsára fún adìẹ tirẹ̀ ṣe aládùúgbò rẹ̀ lóore, ẹni tí ó sì sin òkú adìẹ dípò kí ó tà á, ó ti dáàbò bo agbo ilé tí kò mọ̀ rí. Ọyẹ́ yóò tún dé. Kí ó bá àwọn adìẹ wa lórí ìdúró.